Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NCC: Ẹ Jẹ́ Kí Omi Ìlàjẹ Jẹ́ Ibi Àkọ́kọ́ fún Ọkọ̀ Aláfẹ́fẹ́ Ìbánisọ̀rọ̀

Sí Igbákejì Alága Àgbà àti gbogbo aláṣẹ Àjọ Tó Ń Ṣàkóso Ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà (NCC), Àbújá.

Ẹ̀yin alàgbà mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Àkúrẹ́. Iṣẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fi ń jẹun. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la máa ń gun òpó, tí a máa ń tún jẹnẹrétọ̀ ìdí rẹ̀ ṣe, tí a sì máa ń gbé dísù lọ fún un, láti Àkókó títí dé etí òkun. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi kọ̀wé sí yín. Bí àsìkò bá tó tí ilé iṣẹ́ kan yóò wá gba àṣẹ lọ́wọ́ yín láti fi ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ pèsè nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti òkè réré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ orí Èkó tàbí orí Àbújá ni wọn yóò ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ orí omi Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti wọn òjò àti afẹ́fẹ́ wa kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àlá ọ̀sán. Ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Dubai lábẹ́ ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, láti pín ìgbì rédíò, wọ́n fẹ ààyè fún ọkọ̀ tó bá dúró lójú òfuurufú, ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sókè, láti lo oríṣiríṣi lára àwọn ìgbì tó wà nísàlẹ̀ 2.7 GHz (GHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì ṣe ga tó), èyí tí fóònù wa ń lò lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1997, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ya ìgbì tó wà ní 47 àti 48 GHz sọ́tọ̀ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2019, ní Sharm el-Sheikh ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n tún fi òmíràn kún un. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbì gíga wọ̀nyẹn, áńtẹ́nà tí a bá kàn mọ́ orí òrùlé tàbí sí ibùdó ńlá ló lè gbà wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ìpàdé Dubai mú wá ni pé ọ̀nà ti gbòòrò báyìí fún fóònù tó wà lápò apẹja láti bá ọkọ̀ tó wà lókè sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù, torí iṣẹ́ yín ni. Àwa tí yóò kàn lẹ́yìn ọ̀la ni ẹnikẹ́ni kò tíì bá jókòó sọ ọ́.

Fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́. Àpò ńlá gbọọrọ kan ni, tí wọ́n rọ gáàsì hẹ́líọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀, nítorí gáàsì yìí fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í sì í gbiná. Háídírójìn fúyẹ́ jù ú lọ, àmọ́ iná tó jó ọkọ̀ Hindenburg ní Amẹ́ríkà ní 1937, tó pa ènìyàn 36, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Sólà ni wọ́n tẹ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, bátìrì tó ń gba agbára lọ́sàn-án ló sì ń gbé e di òwúrọ̀. Ẹ̀rọ oníná mànàmáná ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó lè máa dojú kọ afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e kúrò níbi tó wà. Áńtẹ́nà wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀; orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Ibi tó ń dúró ga tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ibi tí bàlúù èrò ń gbà kọjá. Wọ́n yan ibẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sábà le tó ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ sì lè dúró tì í. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́lẹ́ débi pé bóyá ni ó fi ju ìdá kan nínú mẹ́rìnlá ti orí ilẹ̀ lọ, nítorí náà àpò náà gbọ́dọ̀ tóbi rẹpẹtẹ kó tó lè gbé ẹrù táṣẹ́rẹ́. Stratobus, èyí tí ilé iṣẹ́ Thales Alenia Space ní ilẹ̀ Faransé ṣètò rẹ̀, yóò gùn ju mítà 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹrù tí wọ́n ní lọ́kàn pé kó gbé kò ju 250 kg lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé áńtẹ́nà àti rédíò òpó kan sórí ìwọ̀n rí yóò mọ̀ pé 250 kg kì í pẹ́ kún.

Àǹfààní gíga náà kò ṣòro láti lóye. Fìtílà tí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kò lè tàn kọjá ẹsẹ̀ àga, ṣùgbọ́n bí a bá so ó mọ́ àjà, gbogbo yàrá ni yóò rí i. Òpó tí mo ń gùn kì í sábà ga ju ọgọ́ta mítà lọ. Igi ńlá, òkè, àti ilé alájà ló ń dí i lọ́nà. Fèrè ńlá, ìyẹn àpò gáàsì tí kò ní ẹ̀rọ tó ń wà á, tí Google lò nínú iṣẹ́ Loon tí wọ́n ti ti pa báyìí, wà ní ìwọ̀n gíga kan náà tí mo ń sọ yìí, ó sì máa ń kárí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 80 láti etí kan dé èkejì. Tí a bá fi wé sátẹ́láìtì, èyí tó dúró lójú kan lókè wa wà ní kìlómítà 35,786, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó délé. Àwọn sátẹ́láìtì tuntun tó ń yí ayé ká wà ní nǹkan bíi kìlómítà 500 sókè, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán rédíò tó bá rin kìlómítà 500 ti rẹ̀ ju èyí tó rin 20 lọ ní ìlọ́po 625. Fóònù kékeré tí bátìrì rẹ̀ ti gbó mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìlàjẹ? Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibẹ̀. Ní etídò Igbókòdá, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ó ti máa yí dúrọ́ọ̀mù dísù sínú ọkọ̀ ojú omi, a ó so wọ́n mọ́ ara wọn kí ìgbì má bàa dà wọ́n sómi, a ó sì gbéra. Lójú ọ̀nà, ewéko ojú omi á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ẹni tó ń wà á á pa ẹ̀rọ, á gbé e sókè, á fi àdá gé ewéko náà kúrò, a ó tún tẹ̀ síwájú. Ìgbà tí a bá fi dé ìdí òpó, jẹnẹrétọ̀ ti kú láti òru, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo àwọn abúlé tó yí i ká sì ti bá a lọ. Atẹ́gùn oníyọ̀ ti jẹ ìdè irin rẹ̀ débi pé sípánà kì í gbá a mú mọ́. Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé òpó kan dúró níbẹ̀, wọn á gún òpó irin wọlẹ̀ jìnnà-jìnnà, owó tó bá a lọ á sì kọ́ òpó tó ju ẹyọ kan lọ ní Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa ló ti lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìrí iná ìjọba, nítorí náà dísù yìí kì í ṣe àfikún. Òun ni iná.

Ní Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ, mo rí ìyá ẹlẹ́ja kan tó na POS rẹ̀ sókè sójú ọ̀run, tó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sí ìkángun afárá pákó, níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yọjú. Ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà ń yí lójú, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, yìnyín tó wà lára ẹja náà ń yọ́. Nígbà tó yá, oníbàárà náà kó ẹja sílẹ̀, ó lọ. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ tí mo ní àpò irinṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, nítorí òpó tó yẹ kó dá a lóhùn jìnnà, omi ló sì wà láàárín wọn.

Ìlú kan náà yìí, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ (Holy Apostles) tẹ̀dó ní 1947, ni òkun ń jẹ lójú wa. Ilé àti ojú ọ̀nà ti bá omi lọ. Olówó wo ni yóò fi owó rẹ̀ gbé òpó dúró sórí ilẹ̀ tí kò dá a lójú pé yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀? Èmi kò dá àwọn oníléeṣẹ́ lẹ́bi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń gbé níbẹ̀, wọ́n ṣì ń pẹja tí a ń jẹ ní Àkúrẹ́, aláboyún ibẹ̀ sì ṣì nílò láti pe ọlọ́kọ̀ ojú omi lóru. Ọkọ̀ tó bá dúró lókè kò béèrè ilẹ̀ líle, kò béèrè dísù, ìgbì òkun kò sì lè wó o.

Mo mọ̀ pé àwọn ibòmíràn náà ń jìyà ní ìpínlẹ̀ yìí. Lẹ́yìn àwọn òkè Ìdànrè, nínú àwọn abà onikòkó, fóònù kì í gbọ́ ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì òkúta, bẹ́ẹ̀ sì ni ní àwọn igbó tó wà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, níbi tí ìpè kan lè gba ẹ̀mí ẹni tí àwọn ajínigbé dá lọ́nà là. Ọkọ̀ kan tó bá dúró síbi tó yẹ lè kárí púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ wọ́n ní ilẹ̀ líle. A lè gbé òpó dé ọ̀dọ̀ wọn bí a bá fẹ́. Ìlàjẹ ni òpó ti kọ̀.

Ní báyìí, ó yẹ kí n sọ ibi tó ń dun iṣẹ́ yìí, torí bí mo bá fi í pamọ́, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ fún yín, ẹ̀bẹ̀ mi yóò sì di òfo. Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣèlérí ọkọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1990, Alexander Haig, tó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rí, wà lára àwọn tó gbé ilé iṣẹ́ Sky Station kalẹ̀, pé àwọn yóò gbé ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ sókè àwọn ìlú ńlá àgbáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2011, Lockheed Martin tú ọkọ̀ HALE-D sílẹ̀ ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n fẹ́ kó dé nǹkan bíi kìlómítà 18, ṣùgbọ́n nígbà tó dé bíi kìlómítà 10, ó kọ̀, kò lọ mọ́, wọ́n sì darí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó ní Pennsylvania. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa.

Èyí tó yẹ kó dùn wá jù ni ti Kẹ́ńyà, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2020, Loon àti Telkom Kenya bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan bíi fèrè 35 pèsè íntánẹ́ẹ̀tì 4G fún agbègbè tó fẹ̀ tó 50,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ìpè ń lọ, fídíò ń wọlé. Ní oṣù kìíní 2021, Alphabet tó ni Google kéde pé àwọn yóò ti iṣẹ́ náà pa, nítorí wọn kò rí ọ̀nà tí owó rẹ̀ fi lè wálẹ̀ tó láti máa bá a lọ. Ẹ kíyè sí i pé rédíò rẹ̀ kò kùnà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé àwọn fèrè wọ̀nyẹn lọ. Wọn kò ní abẹ̀bẹ̀, wọn a máa gòkè, wọn a máa sọ̀ láti wá afẹ́fẹ́ tó dojú kọ ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí náà èyí tó wà lórí abúlé kan láàárọ̀ lè ti kọjá lọ kó tó di ọ̀sán, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti Puerto Rico ni wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó rìn dé Kẹ́ńyà. Ọkọ̀ tó lè dúró lójú kan ni ìdáhùn sí ìṣòro yẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ tó ní ẹ̀rọ, tí n kò sọ̀rọ̀ fèrè.

Ǹjẹ́ ẹnì kankan ti mú un dúró? Wọ́n ti ń súnmọ́ ọn. Ní 2022, Zephyr ti Airbus, tó jẹ́ bàlúù fífúyẹ́ tí sólà ń gbé, lo ọjọ́ 64 lókè kó tó já ní Arizona. Ní 2025, ó gbéra láti Kẹ́ńyà, ó sì lo ọjọ́ 67. Ní ti ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ gan-an, ilé iṣẹ́ Sceye ní New Mexico fi hàn ní 2024 pé ọkọ̀ àwọn lè fi agbára oòrùn ọ̀sán lo òru mọ́jú láìkúrò lójú iṣẹ́, SoftBank ti ilẹ̀ Japan sì fi owó sí i ní 2025. Òru ló ń pa àwọn tó ṣáájú. Àwa tí a wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé ní ànfààní kan tí Yúróòpù kò ní: ọ̀sán àti òru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti January dé December, nítorí náà kò sí ìgbà òtútù tí òru yóò gùn débi tí bátìrì yóò fi gbẹ.

Òjò ni tiwa. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, aṣálẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dán an wò. Ìgbì tó ń lọ láti fóònù sí ọkọ̀ kò ní wàhálà púpọ̀; òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìgbì tó wà nísàlẹ̀ 2.7 GHz lọ́wọ́. Wàhálà wà níbi tí ọkọ̀ náà ti ń bá ibùdó orí ilẹ̀ sọ̀rọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pàpọ̀ di ẹrù kan. Ìgbì gíga ni wọ́n máa ń lò fún ìyẹn, bíi 31, 38 tàbí 47 GHz, òjò ńlá tiwa sì ń gbé ìgbì wọ̀nyẹn mì. Bí òjò oṣù kẹsàn-án bá rọ̀ sórí ibùdó kan ṣoṣo tó wà ní Àkúrẹ́, fóònù tó wà ní Ìlàjẹ yóò rí ọkọ̀ náà kedere, oòrùn lè máa ràn níbẹ̀, síbẹ̀ ìpè kò ní lọ, nítorí ọkọ̀ náà ti yadi.

Ìwòsàn rẹ̀ wà. Òjò líle kì í fẹ̀. Ibi tó ti ń rọ̀ gan-an lè máà ju kìlómítà mélòó kan lọ, ẹni tó ti rìn láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó nígbà òjò mọ̀ pé a lè wọnú rẹ̀ kí a sì jáde síta gbígbẹ kí a tó délé. Nítorí náà ibùdó méjì ni kí ẹ béèrè fún, kì í ṣe ọ̀kan, kí wọ́n sì jìnnà síra: ọ̀kan ní Àkúrẹ́, èkejì bóyá ní Òkìtìpupa. Bí òjò bá gba ọ̀kan lọ́rọ̀, èkejì a dáhùn. Báwo ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí? Ìṣirò Yúróòpù tàbí ti Amẹ́ríkà kò lè sọ ìyẹn fún wa. Wíwọ̀n ni yóò sọ ọ́.

A sì ní àwọn tó lè wọ̀n ọ́n. Àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, FUTA, ti pẹ́ nídìí bí òjò ṣe ń jẹ ìgbì rédíò. FUTA yìí kan náà ló ni NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí gbogbo rẹ̀ kò ju igun mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, tí àwọn ọmọ wa bá Kyushu Institute of Technology ní Japan ṣe, tí wọ́n sì gbé lọ sójú òfuurufú ní 2017. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé iṣẹ́ àjèjì wá fi ìwé ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ gbígbẹ gba àṣẹ nígbà tí ìmọ̀ òjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Iléṣà. Ẹ jẹ́ kí FUTA wọn òjò àti ìgbì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé òpin rẹ̀, ní Àkúrẹ́ àti ní gúúsù, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

Ààrá wa náà yàtọ̀. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, orí kùrukùru òjò ńlá lè ga dé kìlómítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ga ju ti Yúróòpù lọ dáadáa, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gba àárín ibẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń gòkè àti nígbà tó bá ń sọ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni kí wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ fóònù tún wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ẹ fò. Ní Kẹ́ńyà, ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í bá ṣe 4G kò rí nǹkan kan mú. Ní àwọn abúlé tí mo ń sọ yìí, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà, nítorí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, bó bá sì bọ́ sómi, ẹkún rẹ̀ kò pọ̀. Bí ìwé àṣẹ yín kò bá sọ ọ́ ní kedere pé ìpè lásán gbọ́dọ̀ lọ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò nìkan ni ọkọ̀ náà yóò sìn. Kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórílẹ̀-èdè yìí lè gba ibẹ̀ kọjá, kó má jẹ́ pé ìyá ẹlẹ́ja gbọ́dọ̀ ra sím tuntun kó tó lè gbowó ẹja rẹ̀.

Ní ti owó, òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló fún yín ní àpò USPF, pé kí ẹ fi gbé ìbánisọ̀rọ̀ dé ibi tí èrè kò lè mú oníṣòwò dé. Kí ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó wíwọ̀n òjò àti ìdánwò oníwákàtí mélòó kan sí oṣù mélòó kan. Kí ẹ má fi ra ọkọ̀. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ fi owó ara rẹ̀ gbé e wá, kí hẹ́líọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ wàhálà tirẹ̀, nítorí gáàsì yẹn wọ́n, orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló sì ń tà á. Bí ìdánwò bá yege, nígbà náà ni kí a tó máa sọ iye tí ìjọba yóò fi ràn án lọ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ̀ yìí dé, a kò nílò wáyà fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun já lẹ́bàá Ivory Coast ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, iṣẹ́ báǹkì ń dúró ní Àkúrẹ́ tí òkun kò sí. Ọkọ̀ tó wà lókè, ibùdó orí ilẹ̀ ló so mọ́, ibùdó náà sì so mọ́ fáíbà. Ẹ jẹ́ kí fáíbà máa bọ̀ ní Igbókòdá bí ẹ ti ṣèlérí rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tó kù ni bí nǹkan bá já. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ó sàn kó já sórí omi ju kó já sórí Ọjà Ọba lọ, òótọ́ sì ni, ó wà lára ìdí tí mo fi yan Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí apẹja kò fúyẹ́ ju ẹ̀mí ará Àkúrẹ́ lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ ti bá NCAA àti NAMA, àwọn àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, jókòó lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò gbà gòkè láàárín àwọn bàlúù, kí ilé iṣẹ́ náà gba ìwé ìdójútòfò tó tó owó ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, àti ẹ̀mí, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ará ibẹ̀, ní èdè Ìlàjẹ, ohun tí wọn yóò rí lójú ọ̀run àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè bí wọ́n bá rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ bá àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí láti òkè yẹn ìgbì lè kọjá ààlà.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pe ìpàdé ìta gbangba lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ sì pè é ní Igbókòdá, ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí àwọn tó wà ní àwọn erékùṣù bá ti bọ́ sí etídò. Ẹ pe FUTA síbẹ̀, ẹ pe àwọn ọba Ùgbò àti Màhìn, ẹ pe ẹgbẹ́ àwọn apẹja àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, kí ẹ sì mú ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè nípa ìwé àṣẹ wá, kì í ṣe ẹni tí yóò kàn ka ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí ẹ bá fún wa ní ọjọ́ náà, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò ṣètò ọkọ̀ ojú omi láti gbé yín dé ìdí àwọn òpó tí mo sọ̀rọ̀ wọn, kí ẹ lè fi ojú yín rí wọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Òṣìṣẹ́ òpó ìbánisọ̀rọ̀ kan,
Ìsìkàn, Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀dà: Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Gíwá Yunifásítì FUTA, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ àti ti Ẹsẹ̀-Odò.